Lẹ́yìn Tí Ogun Tán, Lẹ́yìn Tí Ọkọ̀ Lọ

Ìbẹ̀rù ogun ló mú kí Ọ̀kà Àkókó fi orí òkè ṣe ibùjókòó. Ogun ọ̀hún ti tán láti ìgbà tí agbára Bídà, ìlú Nupe tó ń rán ẹlẹ́ṣin wá kó ènìyàn, ti já lọ́dún 1897, ọ̀pọ̀ àdúgbò Ọ̀kà sì wà lórí òkè títí di òní. Omi ṣòro fà dé ibẹ̀, ọkọ̀ ń jìyà kó tó gùn ún, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ títẹ́jú wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé. Bó bá jẹ́ pé ìdí tí a fi tẹ ìlú dó ló ń mú ìlú dúró, Ọ̀kà ì bá ti tú ká láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kò tú. Ohun tí mo fẹ́ rò dé ìsàlẹ̀ nìyí: nígbà tí ohun tó kó ènìyàn jọ bá ti kọjá lọ, kí ló tún ń sọ wọ́n di ìlú?

Ìlú kan wà lẹ́yìn òkun tí ìbéèrè yìí ti bá fínra. Liverpool ni, ìlú èbúté létí odò Mersey, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kà gun òkè kí àlejò má baà rí i mú, Liverpool jókòó sétí omi kí àlejò lè rí i. Ọba John fún un ní ìwé àṣẹ lọ́dún 1207, ṣùgbọ́n fún ọ̀rúndún mẹ́rin ó lé, ìlú kékeré ni. Odò náà ló ń dà á láàmú. Bí òkun bá kún, Mersey á ga. Bí òkun bá fà, omi á lọ sílẹ̀ tó mítà mẹ́sàn-án nígbà míì, ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ á sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Lọ́dún 1715 ni wọ́n ṣí adágún kan tí ẹnjiníà Thomas Steers mọ odi yí ká, tó sì fi ilẹ̀kùn sí. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí omi bá kún, ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á tì í kí omi tó fà. Ọkọ̀ á máa léfòó nínú rẹ̀, àwọn alágbàṣe á sì máa já ẹrù láìwo ojú òkun. Ilẹ̀kùn yẹn ló sọ Liverpool di ńlá.

Owó tó gba ibẹ̀ wọlé kì í ṣe owó mímọ́. Ọkọ̀ á ti Liverpool gbéra wá sí etíkun ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, á kó ènìyàn lọ sí àwọn erékùṣù Karíbíánì, á sì padà sílé pẹ̀lú ṣúgà. Ní àwọn ọdún tó ṣáájú 1807 tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òwò ẹrú, kò sí èbúté kan ní Yúróòpù tó ń rán ọkọ̀ ẹrú jáde tó Liverpool. Nígbà tí òfin dé, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kọjú sí epo pupa wa, nítorí pé àwọn aṣọṣẹ àti àwọn elẹ́rọ ń wá epo lójú méjèèjì. Lọ́dún 1888, Lever Brothers bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Port Sunlight ní òdìkejì Mersey, odidi ìletò kan tí wọ́n tẹ̀ dó nítorí ọṣẹ. Ìlú náà ń wú. Nígbà ìkànìyàn 1931, àwọn tó ń gbé Liverpool lé ní 800,000.

Lẹ́yìn náà ni àkókò yí padà. Kòńténà dé, ìwọ̀nba ènìyàn sì ń ṣe iṣẹ́ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ń ṣe tẹ́lẹ̀. Òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjú sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Yúróòpù, Liverpool sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Lọ́dún 1972 wọ́n ti àwọn adágún ọkọ̀ apá gúúsù pa. Nígbà ìkànìyàn 2001, àwọn ará ìlú kù ní nǹkan bí 440,000. Èbúté náà kò kú o, ẹrù ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá títí di òní, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní ohun tó ń bọ́ gbogbo ilé. Ìdí tí ìlú fi wà ti lọ, ìlú kò lọ.

Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á ní kí ló kan Àkókó kan Mersey. Birkenhead wà ní òdìkejì odò, ó kọjú sí Liverpool, ibẹ̀ ni ìdílé Laird ti ń kan ọkọ̀ onírin. Macgregor Laird, ọmọ ìdílé yìí, wà nínú ìrìn-àjò tó gbéra láti Liverpool lọ́dún 1832 pẹ̀lú ọkọ̀ Quorra àti Alburkah, wọ́n sì wọ odò Ọya títí dé ibi tó ti pàdé Bẹ́núé. Òyìnbó 48 ló lọ, 9 ló padà wálé láàyè. Lọ́dún 1854, ọkọ̀ Pleiad tí wọ́n kàn ní Birkenhead tún gba ọ̀nà kan náà wá. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀. Dókítà Baikie, olórí ìrìn-àjò náà, fún àwọn òyìnbó ní kúnínì lójoojúmọ́, kò sì sí èyí tí ibà pa nínú wọn. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn odò Ọya ti ṣí. Ní nǹkan bí ọdún 1860, Baikie tẹ Lọ́kọ́ja dó, Masaba tó jọba ní Bídà sì bá a dọ́rẹ̀ẹ́.

Láti Lọ́kọ́ja, ọ̀nà ń gba Kábà wá sí Àkókó. Masaba kan náà ni ogun rẹ̀ ń gba ọ̀nà yìí wá kó ènìyàn. Àwọn tí wọ́n kó ní Àkókó láyé rẹ̀ kò dé Liverpool. Oko àyíká Bídà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣẹrú, wọ́n sì fi àwọn míì ránṣẹ́ sí Gwandu gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Mi ò ní di ẹ̀bi yìí lé èbúté Gẹ̀ẹ́sì lórí, nítorí ìtàn tí a bá fi irọ́ tì lẹ́yìn kì í dúró. Síbẹ̀, òwò odò Ọya ló ń mú ìbọn dé ọwọ́ Bídà, òwò yìí náà ló sì wá dojú kọ Bídà nígbà tó di ohun ìdíwọ́: ní oṣù kìíní ọdún 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ dé Kábà, àwọn Nupe tó wà níbẹ̀ sá, lẹ́yìn náà ni Bídà fúnra rẹ̀ ṣubú.

Ẹ wo ìyá kan lórí Òkè-Ọ̀kà lọ́dún náà. Ó rí i pé ẹlẹ́ṣin kò wá mọ́. Ó lè rán ọmọ rẹ̀ lọ pọnmi nísàlẹ̀ láìdúró wo ojú ọ̀nà. Kò gbọ́ orúkọ Birkenhead rí, kò sì ní gbọ́ ọ títí tó fi kú, bẹ́ẹ̀ ohun tó yí ayé rẹ̀ padà bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí àgbẹ̀dẹ ti ń lu irin létí Mersey. Ìlú kì í mọ gbogbo ohun tó ṣe é. Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ìlú wa, orúkọ ọba àti ọdún ìjà ni a ń tò, a máa ń gbàgbé pé ìlú kan lè wà ní ibi tí a kò rí, tí ìpinnu àwọn ará ibẹ̀ sì ń ṣí ilẹ̀kùn wa tàbí ń tì í.

Mo ti sọ pé òkè wà láti sá fún àlejò. Ó tó kí n tún un sọ, nítorí pé òkè náà gbàlejò. Ẹ rìn láti Ìkàrẹ́ lọ sí Àrìgìdì, kí ẹ lọ sí Ìkáràm àti Àúga: láàárín ìwọ̀nba kìlómítà, èdè yí padà, ó tún yí padà, kì í sì í ṣe ẹ̀ka-èdè Yorùbá lásán. Àwọn èdè kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò lè gbọ́ rárá. Ibi tí ilẹ̀ bá tẹ́, alágbára kan á borí, èdè rẹ̀ á sì bo ti yòókù mọ́lẹ̀. Àpáta Àkókó kò gba ìyẹn láyè. Ẹni tí ogun lé láti ọ̀nà Ifẹ̀, ẹni tó ti ọ̀nà Ẹ̀dó wá, ẹni tó sá kúrò lápá odò Ọya, kálukú wọn rí òkè tirẹ̀ tí ẹṣin kò lè gùn, ó sì mú ahọ́n rẹ̀ gun orí rẹ̀. Èbúté ni òkè jẹ́ fún ẹni tí ìjì ogun ń gbá kiri. Liverpool náà mọ irú èyí. Lọ́dún 1847 nìkan, nígbà tí ìyàn mú ní Ireland, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló gúnlẹ̀ síbẹ̀, ebi ń pa wọ́n, àìsàn wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn kan kọjá lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn tí kò lówó ọkọ̀ dúró. Ọmọ àwọn tó dúró ni ìlú ń fi yangàn lónìí.

Bí èbúté àti òkè ṣe ń gba àwọn tó yí wọn ká mọ́ra ni wọn kò jọra. Liverpool gbé wọn mì. Lọ́dún 1835 ó gba Everton àti Kirkdale, lọ́dún 1895 ó gba Walton àti Wavertree. Ìletò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ní pápá àti ilé ìjọsìn tiwọn. Wọ́n di ẹ̀bá ìlú, lẹ́yìn náà wọ́n di òpópónà. Everton ì bá ti di orúkọ tí àgbàlagbà nìkan mọ̀ bí kò bá sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ẹgbẹ́ náà kò tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní Everton mọ́: Walton ló wà láti 1892, lọ́dún 2025 ó kó lọ sí pápá tuntun tí wọ́n kọ́ sínú adágún ọkọ̀ Bramley-Moore tí ọkọ̀ kò wọ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ UNESCO ti fi etí omi Liverpool sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá ayé lọ́dún 2004. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2021, pápá yìí sì wà lára ìdí rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ará ìlú tó yan ariwo bọ́ọ̀lù ju adágún tó dákẹ́ lọ kò ṣìṣe.

Ti Ọ̀kà yàtọ̀. Ìwárọ̀, Ayépé, Ìkánmù, Ìbákà, Kòrówà, Òkèlà, Sìmẹ̀rìn, wọn kò pa orúkọ ara wọn rẹ́. Bí o bá bi ọmọ Ọ̀kà léèrè ibi tó ti wá nígbà tí ẹ wà ní Èkó, á ní Ọ̀kà. Bí o bá bi í ní Ọ̀kà, á dárúkọ àdúgbò rẹ̀, á sì sọ ọ́ bí ẹni tí kò ní fẹ́ kí o ṣi òun mú fún ará àdúgbò kejì. Èwo nínú wọn ni àárín ìlú, èwo ni ẹ̀bá? Kò sí ẹni tó lè dáhùn kó má jà. Ìdí èyí hàn gbangba: kálukú ló dé pẹ̀lú olórí rẹ̀ àti òrìṣà rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ so pọ̀ nítorí ọ̀tá kan náà. Irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí òfin ìjọba fi ìwé ṣe.

Ìkàrẹ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọjà ló sọ ọ́ di ohun tó dà. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ọ̀nà Kábà, ọ̀nà Adó-Èkìtì, gbogbo wọn ń fẹnu kò níbẹ̀, nítorí náà Ìkàrẹ́ ni ibi tó jọ èbúté jù lọ ní gbogbo Àkókó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpáta ló yí i ká níbi tí omi ì bá wà. Lọ́jọ́ ọjà, ìyá oníṣu láti oko á dúró ti Hausa alálùbọ́sà, ẹni tó ń wọn gààrí á fi ọwọ́ rọ́ ọ ga lórí kóńgò títí tí yóò fi máa ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, oníbàárà á tún fi ọwọ́ kan bù ú lé e. Ìlú yìí ní ọba tó ń jẹ́ Olúkàrẹ́, ó ní èyí tó ń jẹ́ Ọwá-Alẹ̀. Ọ̀rọ̀ ipò láàárín wọn ti dé kóòtù, ó ti mú ẹ̀jẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn Ìkàrẹ́ tí inú rẹ̀ dùn sí i. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ohun kan ni mo kíyè sí: a kì í bá àjèjì jà lórí ẹni tó jẹ́ àgbà. Ọba Ọ̀wọ̀ àti ọba Kábà kò ní irú ìjà yẹn. Ìjà ipò fi hàn pé àwọn tó ń jà gbà pé inú ilé kan náà ni wọ́n wà, àní bí ẹnu wọn bá ń sọ òdìkejì.

Kí ló wá mú wọn dúró nígbà tí ẹlẹ́ṣin kò wá mọ́? Mo ti ronú nípa ọjà, mo ti ronú nípa ọba, mo ti ronú nípa èdè. Gbogbo wọn ní ipa tiwọn. Òwò á máa sá tẹ̀lé ọ̀nà, bí wọ́n bá la ọ̀nà tuntun, ọjà á ṣí lọ. Ọba kò lè dá ẹni tó fẹ́ lọ dúró. Ohun tí mo rí tí kò yẹ̀ ni gbèsè tí ènìyàn jẹ ara wọn, èyí tó wúwo jù nínú rẹ̀ sì ni ti òkú.

Ẹ dúró sí ìsàlẹ̀ òkè Ọ̀kà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọkọ̀ agbókùú á ti Èkó dé, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, bọ́ọ̀sì méjì mẹ́ta á tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ olóòkú á wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà. Awakọ̀ á wọ jíà kíní, á rọra máa gùn ún, nítorí ibi tó ga ni wọ́n ń lọ. Ilẹ̀ ìsìnkú wà ní Èkó. Owó tí wọ́n ná sórí ìrìn-àjò yẹn lé ní iye tí ẹlòmíì fi ń ṣòwò. Ilé tí wọ́n ń gbé e lọ, bóyá ìyá àgbà kan péré ló ń gbé inú rẹ̀. Ọgbọ́n ọrọ̀-ajé kò lè tú èyí. Ẹni tó kú ti sin àwọn ẹlòmíì níbẹ̀, ó dá owó sí ẹgbẹ́ nígbà ayé rẹ̀, ó dúró ti ará àdúgbò ní ọjọ́ tiwọn, àdúgbò náà sì gbọ́dọ̀ dúró tì í. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó gùn ún lọ́jọ́ yẹn á jẹ gbèsè tuntun kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Bí gbèsè náà kò ṣe san tán nìyẹn, bí ìlú kò sì ṣe tú nìyẹn.

Liverpool fi èyí hàn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, ní pápá Hillsborough ní Sheffield, àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool há mọ́ inú ọgbà kan tí ọlọ́pàá jẹ́ kí èrò pọ̀ sí jù. Ènìyàn 97 ló bá a lọ ní àpapọ̀, ẹni tó ṣe ìkẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún kú lọ́dún 2021 nítorí ìpalára ọjọ́ náà. Ọlọ́pàá di ẹ̀bi ru àwọn alátìlẹ́yìn náà. Ìlú tí iṣẹ́ ti tán nínú rẹ̀ nígbà náà, tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ń ṣí lọ, kọ̀ jálẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni àwọn ìyá fi ń tẹ̀ lé ẹjọ́ yẹn, títí ìgbìmọ̀ adájọ́-ẹ̀rí fi sọ lọ́dún 2016 pé ńṣe ni wọ́n pa àwọn ènìyàn náà láìtọ́, ẹ̀bi kò sì sí lọ́rùn àwọn alátìlẹ́yìn. Ọkọ̀ ti lọ, ṣúgà ti lọ, epo pupa ti lọ. Gbèsè òkú ló kù, ó sì tó láti sọ àwọn tó ṣẹ́ kù di ìlú.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ó ní ibi tó le. Ta ni gbèsè náà kàn? Ní Toxteth, àdúgbò kan ní Liverpool, àwọn atukọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Yorùbá wà lára wọn, ti tẹ̀dó fún ìran púpọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ Elder Dempster tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Liverpool àti Èkó, wọ́n gbé ìyàwó níbẹ̀, wọ́n bímọ. Síbẹ̀ lọ́dún 1919, èrò lé atukọ̀ dúdú kan, Charles Wootton, wọ inú omi ibùdókọ̀, ó sì kú síbẹ̀. Lọ́dún 1981, àdúgbò náà gbiná nítorí ọwọ́ tí ọlọ́pàá fi ń mú àwọn ọmọ dúdú tí wọ́n bí síbẹ̀. Ìlú tó gba àwọn ará Ireland mọ́ra pẹ́ kó tó gbà pé àwọn wọ̀nyí náà jẹ́ tirẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Àkùngbá wà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé yunifásítì tó ń jẹ́ Adékúnlé Ajásin lónìí wá síbẹ̀ ní òpin 1999, ilé ti ń so mọ́ ilé lójú ọ̀nà, ọmọdé tí wọ́n bí lẹ́yìn náà kò ní mọ ibi tí ilẹ̀ ìlú kan ti parí àyàfi tí wọ́n bá fi hàn án. Ọ̀nà náà dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tí kò lè dúró já wọ iwájú ọgbà yunifásítì náà, ó pa akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ ìlú kan náà. Gbogbo Àkókó sunkún wọn. Lẹ́yìn ẹkún, kálukú gbé òkú rẹ̀ lọ sílé rẹ̀, ọ̀nà náà sì ń pa ènìyàn lọ. Èmi kò rò pé ẹkún nìkan ni a jẹ wọ́n. Bí Àkùngbá, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà bá lè máa pààrọ̀ ìwé ẹjọ́ lórí ààlà àti ipò fún àwọn ọdún gbọọrọ, wọ́n ní agbára láti fi ohùn kan bá ìjọba jà lórí òkè kan ṣoṣo tí tírélà ń sáré sọ̀ kalẹ̀, bí àwọn ìyá Liverpool ti ṣe.

Àwọn Ebira tó ń dáko ní Àkókó wà pẹ̀lú, wọ́n ti wà tipẹ́. Iṣu tí a ń rà lọ́jà Ìkàrẹ́, ọwọ́ wọn wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ọmọ wọn ń sọ èdè wa, ó ń lọ ilé-ìwé pẹ̀lú ọmọ wa, a ṣì ń pè é ní àlejò, ìṣákọ́lẹ̀ sì ń wọlé lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ro. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà á sọ: pé onílẹ̀ ni onílẹ̀, pé ẹni tó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àtọ̀húnrìnwá yóò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìbẹ̀rù gidi ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba tí à ń tọ́ka sí wá láti ibòmíràn, òkè tí wọ́n gùn kò bi wọ́n léèrè ọmọ ta ni wọ́n. Ẹni tó bá ti bá wa sin òkú wa, tó ti dáwó, tó ti dúró lójú oòrùn títí ilẹ̀ fi bò ó, a ti jẹ ẹ́ ní gbèsè, yálà a kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ tàbí a kò kọ ọ́.